Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí A Ṣe Ń Fa Òǹkọ̀wé Tuntun Wọ Ìkànnì, Tí Wọn Kò Sì Ní Í Sá Lọ

Àwọn tó ń bójú tó ìkànnì tí aráyé ti ń gbé àpilẹ̀kọ ara wọn jáde ni mo kọ èyí fún, yálà ìkànnì náà tóbi tàbí ó kéré. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lọ nìyí, láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ kíkí àlejò káàbọ̀ lórí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ tilẹ̀ nídìí àwọn kan, mo sì yára kọjá lórí àwọn mìíràn, nítorí pé wọn kò wúwo bákan náà.

Ta gan-an ni à ń pè ní òǹkọ̀wé tuntun?

Ẹni tí kò tíì gbé ju àpilẹ̀kọ mẹ́ta jáde lọ́dọ̀ yín ni mo ń pè bẹ́ẹ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé kò mọ ìwé kọ. Ó lè ti tẹ ìwé márùn-ún jáde níbòmíràn, ó lè jẹ́ akọ̀ròyìn tó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n bó bá ti dé ọ̀dọ̀ yín, àlejò ni: kò mọ ẹni tí yóò ka iṣẹ́ rẹ̀, kò mọ ohun tí ń pa àwọn ará ilé lẹ́rìn-ín, kò sì mọ ọ̀rọ̀ tí wọn kì í fẹ́ gbọ́. Mo dá a dúró sí orí mẹ́ta nítorí pé, nínú ohun tí ojú mi ti rí, ẹni tó bá ti kọ ẹ̀kẹta kì í sábà nílò kí a fà á lọ́wọ́ mọ́.

Níbo ni kí a ti máa wá wọn?

Láàárín àwọn òǹkàwé yín ni. Ní ọdún 2006, Jakob Nielsen, tí a mọ̀ mọ́ ìwádìí lórí bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, kọ ọ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá wà nínú irú àwùjọ yìí, nǹkan bí 90 ni yóò máa kà láìsọ ohunkóhun, 9 yóò máa dá sí ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò sì máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ìṣirò yẹn kì í ṣe òfin, ó sì yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ ibi tó yẹ ká kọjú sí, ìyẹn ni ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́sàn-án náà. Ẹni tó bá kọ ìpínrọ̀ mẹ́ta gbáko sábẹ́ àpilẹ̀kọ ẹlòmíràn ti kọ àpilẹ̀kọ tirẹ̀ tán. Kò kàn tíì mọ̀ ni. Ẹ kọ lẹ́tà sí i, kí ẹ sì mẹ́nu kan ohun tó sọ gan-an: "Ohun tí ẹ sọ lánàá nípa ọjọ́ tí ọmọ yín kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni dì í mú, ẹ ò rí i pé ó tó kọ lọ́tọ̀?" Irú lẹ́tà kan bẹ́ẹ̀ sàn ju ìpolówó tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn rí, tí ẹnì kankan nínú wọn kò sì rò pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ọ̀nà kejì ni ìpèníjà tó ní gbèdéke. Ìpèníjà NaNoWriMo, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999, ní kí ènìyàn kọ ọ̀rọ̀ 50,000 láàárín oṣù kọkànlá ọdún, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 1,667 lóòjọ́. Òǹkà náà ga, síbẹ̀ èrò wọ́ tẹ̀ lé e, nítorí pé ẹni tó ń kọ mọ iye tó kù, ó mọ ọjọ́ tí yóò parí, ó sì mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń jẹ ìyà náà. Tiyín kò gbọ́dọ̀ nira tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan, àkòrí kan, àpilẹ̀kọ kan ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kéde rẹ̀ bí ẹ kò bá tíì mọ àwọn tí yóò ka gbogbo ohun tó máa wọlé ní ọ̀sẹ̀ náà.

Ṣé kí a ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu ni, àbí kí a máa fi kóòdù ìpè gbà wọ́n wọlé?

LiveJournal, ìkànnì ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí Brad Fitzpatrick dá sílẹ̀ ní ọdún 1999, lo kóòdù ìpè, èyí tí ará ilé fi ń pe àlejò wọlé, láti ọdún 2001 títí di ìparí ọdún 2003, nítorí pé èrò fẹ́ pọ̀ ju agbára ẹ̀rọ wọn lọ. Nínú èrò tèmi, agbára ẹ̀rọ kọ́ ló yẹ kó máa pinnu èyí lónìí, bí kò ṣe agbára ojú tó ń kàwé. Bí ẹ bá lè ka iṣẹ́ ogún ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì fèsì sí wọn, ogún ni kí ẹ gbà wọlé. Ẹni kọkànlélógún lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ṣàlàyé fún un ìdí tó fi ń dúró, kò ní í bínú.

Kí ló ń dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà?

Fọ́ọ̀mù ni. Mo jókòó ti màmá kan nígbà kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì kan tí n kò ní í dárúkọ. Kí a tó dé ilé wọn ni ó ti ń sọ gbólóhùn tí òun yóò fi bẹ̀rẹ̀ fún mi, tó ń tún un sọ kó má bàa gbàgbé. Ìkànnì náà béèrè orúkọ, ó béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, ó ní ọ̀rọ̀ aṣínà náà kò ní àmì tó pọ̀ tó, ó fi kóòdù ránṣẹ́ sí ímeèlì, ó béèrè fọ́tò, ó ní kí màmá ṣàlàyé ara rẹ̀ ní ṣókí, ó ní kó mú àkòrí márùn-ún tó nífẹ̀ẹ́ sí, ó tún ní kó yan ènìyàn mẹ́wàá tí yóò máa tẹ̀ lé. Nígbà tí ojú ewé funfun tí ènìyàn ń kọ nǹkan sí máa fi jáde, màmá yọ jígí ojú rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo tilẹ̀ ní mo fẹ́ kọ?"

Nígbà tí Blogger dé ní ọdún 1999, ohun tó mú kí àwọn ènìyàn yà bò ó ni pé wọn kò nílò láti mọ HTML, èdè tí a fi ń to ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, wọn kò sì nílò láti máa gbé fáìlì láti ibì kan sí ibòmíràn mọ́. Àpótí kan wà tí ènìyàn ń kọ̀wé sí, bọ́tìnnì kan sì wà tí ń gbé e jáde. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ti gbàgbé ẹ̀kọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí àlejò kọ̀wé ná. Lẹ́yìn tó bá ti kọ gbólóhùn mẹ́wàá tí kò fẹ́ kó ṣègbé, kò ní í kọ̀ láti fún yín ní ímeèlì rẹ̀. Fọ́tò àti ìtàn ìgbésí ayé lè dúró di oṣù tó ń bọ̀.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń kọ ẹyọ kan péré, tí a kì í sì í rí wọn mọ́?

Nítorí pé ẹnikẹ́ni kò dá wọn lóhùn ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí wọn yóò sọ fún yín nìyí. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọn yóò ní àyè ni kò sí, iṣẹ́ pọ̀, ọmọ ń ṣàìsàn, èmi náà sì gba àwíjàre wọ̀nyí gbọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí àwọn tó ti lọ, tí mo sì fara balẹ̀ gbọ́ wọn dé òpin, ni mo ṣàkíyèsí pé àwọn kan náà tí kò ní àyè ń kọ ọ̀rọ̀ gígùn gan-an lójoojúmọ́ sínú ẹgbẹ́ orí fóònù tí wọ́n wà. Àyè wà. Ẹni tí yóò gbọ́ ni kò sí lọ́dọ̀ wa.

Ẹ rò ó wò bí ó ti ń rí lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ jáde. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, yóò ṣí ojú ewé náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ní ọjọ́ kejì, yóò tún iṣẹ́ rẹ̀ kà, yóò rí àṣìṣe tí kò rí tẹ́lẹ̀, yóò sì máa rò pé nítorí àṣìṣe yẹn ni gbogbo ayé ṣe dákẹ́. Bí ó bá fi máa di ọjọ́ kẹta tàbí ẹ̀kẹrin, ìtìjú ti mú un, ẹni tí ojú ń tì kì í sì í padà sí ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sí i. Nítorí náà, gbogbo ohun tí ẹ bá ń ṣe láti pe àwọn ènìyàn wá, láìsí ẹni tí yóò dá wọn lóhùn láàárín ọjọ́ méjì, omi tí ẹ ń pọn sínú agbọ̀n ni.

Ìrírí Wikipedia lédè Gẹ̀ẹ́sì fara jọ èyí. Iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́ déédéé níbẹ̀ ga jù lọ ní ọdún 2007, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú ohun tó fà á ni pé iṣẹ́ àwọn tuntun, títí kan àwọn tó fi òótọ́ inú ṣe é, ń di ohun tí wọ́n yára ń yí padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ìkìlọ̀ tí ẹ̀rọ ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi ń kí wọn káàbọ̀. Ní ọdún 2012 wọ́n ṣí ibì kan tí wọ́n pè ní Teahouse, níbi tí àlejò ti lè béèrè ohun tí kò yé e lọ́wọ́ ènìyàn ẹlẹ́ran ara, láìsí pé wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí ni kí èsì àkọ́kọ́ yẹn sọ?

Baálé ilé kan kọ àpilẹ̀kọ nípa ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ. Ká sòótọ́, ìpínrọ̀ méjì àkọ́kọ́ kò dùn. Ọ̀rọ̀ nípa bí ìyá ṣe ṣe pàtàkì láyé ni, irú èyí tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ. Ṣùgbọ́n nínú ìpínrọ̀ kẹta, gbólóhùn kan wà tó ní nígbà tí àwọn ṣí aṣọ lórí ẹ̀rọ náà lẹ́yìn ìsìnkú, òwú ṣì wà lójú abẹ́rẹ́. Ẹnì kan ti dá a lóhùn pé, "Ó dára púpọ̀, ẹ kú iṣẹ́." Èyí kò burú, àmọ́ ènìyàn lè kọ ọ́ sábẹ́ ohunkóhun láìkà á. Èmi kọ ọ́ pé, "Mo dúró lórí òwú tó ṣì wà lójú abẹ́rẹ́ yẹn, n kò lè kọjá. Àwọ̀ wo ni?" Kò fèsì sí mi. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ni àpilẹ̀kọ rẹ̀ kejì jáde, ọ̀rọ̀ tó sì fi bẹ̀rẹ̀ ni, "Àwọ̀ ewé ni."

Nítorí náà, ẹ dárúkọ ohun kan pàtó tó fi hàn pé ẹ kà á, ẹ béèrè ohun kan tí ẹ fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́, kí ẹ sì fi orúkọ ara yín sísàlẹ̀, kì í ṣe orúkọ ìkànnì. Ẹ má ṣe tún àmì ohùn ẹnikẹ́ni ṣe nínú èsì àkọ́kọ́. Ọjọ́ ìyẹn ń bọ̀.

Bí wọ́n bá pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè dáhùn ńkọ́?

Ẹ pín in. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn àgbà òǹkọ̀wé kọ́ ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ẹni tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ kejì jáde lóṣù tó kọjá ló dára jù, nítorí pé ẹ̀rù ọjọ́ àkọ́kọ́ kò tíì kúrò lára rẹ̀, ó sì mọ ohun tí òun ìbá fẹ́ gbọ́. Ẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àlejò méjì lọ́sẹ̀, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti lẹ́tà tí ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, ó wúlò fún sísọ pé iṣẹ́ ti wọlé. Kò wúlò fún nǹkan mìíràn.

Bí a ṣe to ìkànnì náà pẹ̀lú lè mú kí ìdáhùn rọrùn. Lórí Wattpad, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, òǹkàwé lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìpínrọ̀ kan pàtó nínú ìtàn. Ẹni tí kò lè kọ gbólóhùn méjì sísàlẹ̀ odidi àpilẹ̀kọ lè kọ "Háà!" sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti yà á lẹ́nu, "Háà" yẹn sì ń fi han òǹkọ̀wé ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ ènìyàn lára.

Ṣé kí a máa tún iṣẹ́ wọn ṣe kó tó jáde?

Bí ẹ bá ní olóòtú, kó tọwọ́ bọ̀ ọ́ níwọ̀nba, kó sì fi ohun tó yí padà han oníṣẹ́ kó tó jáde. Olóòtú kan tún ìparí iṣẹ́ mi kọ nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́ yìí. Ká má parọ́, tirẹ̀ dára ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n n kò fi àpilẹ̀kọ náà han ẹnikẹ́ni rí, nítorí pé bí wọ́n bá yìn ín, n kò mọ ẹni tí wọ́n ń yìn. Àṣìṣe àkọtọ́ àti ọ̀rọ̀ tó lè kó oníṣẹ́ sí wàhálà ni kí ẹ bójú tó. Ẹ fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ṣé owó ni yóò dá wọn dúró?

Owó ń pe ènìyàn wá, owó sì ń dá àwọn tó ti rí òǹkàwé dúró. Kì í sábà dá òǹkọ̀wé tuntun dúró, nítorí pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ètò tó wà ń san owó ní ìbámu pẹ̀lú òǹkàwé, èyí gan-an sì ni ohun tí ẹni tuntun kò ní. Substack, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017, jẹ́ kí òǹkọ̀wé gba owó lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé rẹ̀ tààrà, òun sì ń mú ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ètò tó mọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdá 90 nínú òfo, òfo ni. Medium, tí Evan Williams dá sílẹ̀ ní ọdún 2012 (òun kan náà wà lára àwọn tó dá Blogger sílẹ̀), bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún òǹkọ̀wé ní ọdún 2017. Lákọ̀ọ́kọ́, àtẹ́wọ́ òǹkàwé, ìyẹn bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ láti yin iṣẹ́, ni wọ́n ń wò. Nígbà tó di ọdún 2019 wọ́n yí i padà sí iye àkókò tí àwọn tó ń san àsansílẹ̀ fi kà á. Steemit gba ọ̀nà tirẹ̀ ní ọdún 2016: ìbò ni ń fúnni lówó, agbára ìbò ẹnì kọ̀ọ̀kan sì wà ní ìwọ̀n iye tó ní nípamọ́ nínú owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìkànnì náà ń lò. Ẹ ò nílò wòlíì láti mọ ohun tí ìyẹn sọ àwọn ènìyàn dà. Ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí yóò wu ọlọ́rọ̀.

Bí ẹ bá ní owó díẹ̀ láti ná, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi sanwó fún ẹni tí yóò máa ka iṣẹ́ àwọn tuntun kó sì máa fèsì. Bí ó bá sì jẹ́ pé òǹkọ̀wé ni ẹ fẹ́ fún, ẹ fún wọn ní iye kan náà lórí àpilẹ̀kọ kejì, kí ẹ kéde rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì san án lọ́jọ́ tí ẹ dá. Àdéhùn owó tí ẹ yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò lé ju ogún ènìyàn lọ.

Ṣé ó yẹ kí wọ́n máa rí iye ènìyàn tó ka iṣẹ́ wọn?

Kí wọ́n rí i bí wọ́n bá béèrè. Ẹ má ṣe kọ ọ́ gàdàgbà sójú ìta. Ènìyàn méje tó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pọ̀ nínú yàrá kan, ṣùgbọ́n òǹkà 7 lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkà 7,000 dà bí èébú.

Kí ni kí a ṣe sí àwọn tó ń bú wọn?

Ẹ pa èébú náà rẹ́ kí ẹni tuntun tó rí i bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì kọ̀wé sí ẹni tó bú u ní ìkọ̀kọ̀. Àtakò yàtọ̀ sí èébú, ẹ má sì ṣe da méjèèjì pọ̀: "Ọdún tí ẹ kọ yìí kò tọ̀nà" kì í ṣe èébú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé "Ta ló ní kí irú yín máa kọ̀wé?" kò takò ohunkóhun. Èyí tó sábà máa ń nira ni pé ẹni tó ń bú àlejò lè jẹ́ òǹkọ̀wé yín tó gbajúmọ̀ jù, tí ẹ̀rù ń ba gbogbo yín láti bá wí. Ẹ bá a wí. Òun rí èrò tó ń bá a sọ̀rọ̀. Àlejò kò rí ẹnì kankan.

Bí iṣẹ́ tó wọlé bá jẹ́ èyí tí wọ́n jí tàbí èyí tí ẹ̀rọ kọ ńkọ́?

Èyí tí wọ́n jí rọrùn: ẹ mú gbólóhùn kan tó gùn láàárín iṣẹ́ náà, ẹ fi wá inú Google pẹ̀lú àmì àyọlò lọ́tùn-ún lósì, bí ẹ bá sì rí i níbòmíràn, ẹ mú un kúrò. Èyí tí ọgbọ́n àtọwọ́dá kọ le díẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó ń sọ pé àwọn lè dá a mọ̀ máa ń ṣi ènìyàn mú, n kò sì lè lé àlejò jáde nítorí ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sọ. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń béèrè ìbéèrè bí ti òwú yẹn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí yóò ní èsì tí n kò retí. Ẹni tí ẹ̀rọ bá kọ ọ́ fún yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé ìbéèrè náà dára.

Ta ló ni ohun tí wọ́n kọ sọ́dọ̀ wa?

Àwọn ló ni ín, ó sì yẹ kí ẹ kọ ọ́ sójú ewé tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, ní èdè tí kò nílò lọ́yà. Àwọn tó ti pẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì rántí GeoCities, ìkànnì tí ènìyàn ti ń ṣe ojú ewé tirẹ̀, tí Yahoo tì pa ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, wọ́n sì rántí Posterous, ìkànnì àpilẹ̀kọ tí Twitter rà ní ọdún 2012, tó sì kógbá sílé ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2013. Àwọn tó rántí ìyẹn kì í fi gbogbo ara wọlé síbì kankan mọ́, wọn kò sì jẹ̀bi. Ẹ ṣe bọ́tìnnì tí ènìyàn lè tẹ̀ kó sì kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Fún àwọn tó wà ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin ìdáàbòbò dátà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2018 ti fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba dátà tó fi sílẹ̀ ní irú ọ̀nà tó lè gbà gbé e lọ síbòmíràn, ìyẹn sì wà nínú abala 20. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bọ́tìnnì yìí yóò mú kí èrò lọ. Nínú ìrírí tèmi, ẹni tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ máa ń jókòó pẹ́.

Báwo ni a óò ṣe mọ̀ bóyá ohun tí à ń ṣe ń so èso?

Ẹ fi iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ka iye àwọn tó kọ ẹ̀kejì. Bí àpẹẹrẹ, bí ogójì ènìyàn bá gbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kan, tí mẹ́wàá nínú wọn sì gbé ẹ̀kejì jáde kí ọgọ́ta ọjọ́ tó pé, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ya àwọn tí ènìyàn dá lóhùn láàárín ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ tún ìṣirò náà ṣe fún apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ kò ní í tún bi mí ní ìbéèrè yìí mọ́.

Ẹni tó ti dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ ńkọ́? Ṣé kí a pa orúkọ rẹ̀ rẹ́?

Rárá o. Ẹ má sì ṣe máa fi lẹ́tà "A ti ń wá yín" dà á láàmú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Baálé ilé tó kọ̀wé nípa ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn kọ márùn-ún, ó sì dákẹ́ fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Mo kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí i ní gbogbo àkókò náà, gbólóhùn méjì, tí mo fi sọ fún un pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ka èyí tó kọ nípa òwú, ó sì fẹ́ mọ ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà báyìí. Nígbà tó padà dé, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ṣì ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tó kọ dé ìdajì kó tó lọ sì wà níbi tó fi í sí. Ó kọ ọ́ parí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó ń fi ẹ̀rọ náà ránṣọ.